Wáyà Tí A Kò Tẹ̀ sí Ammerley

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Bida nígbà tí tẹlifóònù dún ní ọ́fíìsì wa ní Minna. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, ní àkókò tí ọ̀rọ̀ òmìnira ti wà lẹ́nu gbogbo ayé ṣùgbọ́n tí àsíá ọbabìnrin ṣì ń fẹ́ lórí òpó iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi ni mo wà nídìí wáyà. Mo ti ń palẹ̀ mọ́, nítorí a kì í pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ pé bí ọbẹ̀ bá tún tutù dè mí, ọmọ aládùúgbò ni yóò jẹ ẹ́. Mo gbé tẹlifóònù sétí. Láoyè ni, akọ̀wé ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan lẹ́yìn Zungeru, ọmọ Ọ̀yọ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ènìyàn jà.

Ó ní kí n mú pẹ́ńsù. Ó ní Mai Gada ti kú.

Kò sí ẹni tí kò mọ Mai Gada ní Minna nígbà náà. Òyìnbó tó ń tún afárá ojú irin ṣe ni. Àwọn Hausa ló fún un lórúkọ yẹn, oní-afárá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá pe Béékà, tó jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á máa wo ara wọn. Kò sí ariwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wà nínú àgọ́ iṣẹ́ lójú ọ̀nà ojú irin fún ìgbà díẹ̀, ibà sì kọlù ú níbẹ̀. Òyìnbó kejì tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ló jókòó ti òkú náà, òun ló sì sọ ọ̀rọ̀ wáyà fún Láoyè lẹ́nu, tí Láoyè fi wá ń sọ ọ́ fún mi. Wáyà náà ní: sí Béékà, ní Ammerley, nílùú Ọba. Ó dùn wá láti sọ fún yín pé ọmọ yín kú láàárọ̀ yìí. A ó sin ín ní Minna lọ́la.

Mo ní kí ó sípẹ́ẹ̀lì orúkọ abúlé náà fún mi. Ó ní, "A, M, M," ó sì ka ìyókù tẹ̀lé e. Mo tún fẹ́ béèrè nǹkan kan, àrá sán, tẹlifóònù dákẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí, kò sí ohùn. Òjò ti wó òpó lójú ọ̀nà Zungeru nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa tún un ṣe kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó dé.

A ní ìwé ńlá kan tí orúkọ gbogbo ilé wáyà tó wà nílùú Ọba wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti gbá a sí mi lórí pé bí orúkọ ìlú kò bá mọ́ mi lójú, kí n wò ó kí n tó fọwọ́ kan kíì. Kíì ni a ń pe irin kékeré tí a fi ń tẹ wáyà. Mo ṣí ìwé náà. Ammerley wà níbẹ̀, abúlé kékeré ní apá ìlà-oòrùn. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ṣí i síwájú, sí ibi tí àwọn orúkọ onílẹ́tà H wà, mo rí Hammerley, abúlé kékeré mìíràn, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá. Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ H yìí, nítorí ẹni tí kò bá jẹ́ Yorùbá lè máa rò pé mo ń wá wàhálà. Kì í ṣe pé a kò lè pe H. Ṣebí a ń pe ihò, a ń pe ahọ́n. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá ti fi í ṣáájú ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa á gbé e mì, a ó sì tún pọ̀ ọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fi í sí. Orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Hezekiah. Ìyá tó bí mi kò fi H sí i rí títí ó fi kú, Esekáyà ni mo ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ti Láoyè, àrùn tirẹ̀ ti wọ egungun. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ń pè é, bó ṣe pè é ló ń kọ ọ́. Ó ti fi wáyà kan ránṣẹ́ sí wa rí nípa aláìsàn kan tí wọ́n gbé lọ sí "ospital", ó sì bá mi jà nígbà tí mo béèrè ibi tí ìlú náà wà.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tó fúyẹ́ ni H. Àwọn lẹ́tà ní ìró kúkúrú, wọ́n ní ìró gígùn, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tó tún ń fà á. H kò ní gígùn kankan. Tín, tín, tín, tín, ó parí. Nǹkan tó wà láàárín bàbá kan àti bàbá kejì lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Ọ̀gá Ṣítù. Òun ni olórí ilé ìfìwéránṣẹ́, ọmọ Ìlọrin, mùsùlùmí tó múná lórí òfin bó ṣe múná lórí ìrun. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá kọ ni kí akọ̀wé tẹ̀. Mo mọ òfin yẹn kí ó tó sọ ọ́. Ẹni tó bá fi lẹ́tà kan kún wáyà oní-wáyà, tàbí tó yọ ọ̀kan kúrò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. A mọ ẹnìkan ní Kaduna tó ṣe irú ẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ran oní-wáyà lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń tà létí ọjà.

"Bí Béékà mìíràn bá wà ní Ammerley ńkọ́, sà?" Mo bi í bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó pọ̀ nílùú Ọba ni, oníbúrẹ́dì ni ìtumọ̀ rẹ̀; a kò sì rí abúlé tí kò jẹ búrẹ́dì. "Bí òun náà bá ní ọmọ ní Áfíríkà ńkọ́?"

Ọ̀gá Ṣítù tún ṣí ìwé náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá kò ṣàjèjì sí wa. Wáyà ikú, wáyà dúdú ni a ń pè é láàárín ara wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Minna, wọ́n mú ọ̀kan lọ fún obìnrin kan ní Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Kò mọ̀wé, ó sì ní kí ẹni tó mú un wá kà á fún òun. Ẹni náà kà á ní ìdúró, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, pé ọmọ rẹ̀ ti kú ní Jos. Obìnrin náà ṣubú sórí iná tó fi ń dín àkàrà. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Ṣítù ti pàṣẹ pé kí wáyà dúdú kankan má ṣe wọ ilé ẹni tó ni ín tààrà. Ó ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹsẹ̀ má yípo. A ó kọ́kọ́ lọ bá àgbà ilé, tàbí pásítọ̀, tàbí lèmọ́mù, wọn yóò sì lọ jókòó ti onítọ̀hún kí a tó dé. Bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa nìyẹn. A kì í gbé òkú ọmọ ju síwájú bàbá rẹ̀ bí ẹni ju igi ìdáná.

Òfin gbà kí á dá wáyà dúró bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá ń ṣeni ní kàyééfì, kí á sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti já. Dókítà òyìnbó tó lè mọ ilé rẹ̀ ti lọ sí Bida, àwọn òyìnbó ojú irin yòókù sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn ọ́fíìsì ńlá ní Èkó, níbi tí ìwé Mai Gada wà, ti tìlẹ̀kùn títí di Mọ́ńdè. Lọ́la sì ni ìsìnkú, nítorí oòrùn Minna kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá dá a dúró, wọn yóò ti sin ọmọ kí bàbá tó gbọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ bí Láoyè ṣe sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí a pa bàbá ọlọ́mọ láìní òkú nílẹ̀. Ọ̀gá Ṣítù ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, mi ò rí i rí kí ó má mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Láwàní fi wọlé, omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀. Kúkù Mai Gada ni, àgbàlagbà ará Ìlọrin tó ti ń dáná fún un láti ìgbà tí òyìnbó náà ti dé Nàìjíríà. Kò bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí àgọ́ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé Mai Gada fẹ́ lọ sílé fún ìsinmi lóṣù tó ń bọ̀, Bàbá Láwàní sì wà nílé tó ń di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí. Àwọn tó bá ọkọ̀ ẹrù dé ti ń sọ nǹkan kan ní ibùdókọ̀. Ó wò mí lójú.

"Esekáyà, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ yìí?"

A ti búra níṣẹ́ wa pé a kò ní sọ ohun tó wà nínú wáyà fún ẹni tí kò ni ín. Mi ò lè ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo dákẹ́. Mo bojú wolẹ̀. Ọ̀gá Ṣítù fa àga fún un, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún un. Olórí ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í bu omi fún kúkù. Bàbá Láwàní gba omi náà, kò mu ún. Ó ní, "Allah Sarki," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, bí àgbàlagbà ṣe ń sunkún.

A fi í sílẹ̀ kó sun ún tó. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá rọra bi í bóyá ó mọ orúkọ abúlé ọ̀gá rẹ̀.

"Ámálì," ni Bàbá Láwàní wí.

Ọ̀gá Ṣítù mí kanlẹ̀. Kí ni a ti ń retí? Ìlọrin ni bàbá náà ti wá, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Mo bi í ní apá ibi tí abúlé náà wà. Kò mọ àríwá, kò mọ ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ó mọ abúlé náà bí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni Mai Gada máa ń fi jẹun. Ó ní àfonífojì ni, òkè méjì ló há a mọ́ àárín, àgùntàn ń jẹ̀ lórí wọn, odò kékeré kan sì ń ṣàn gba ìsàlẹ̀. Ní ayé àtijọ́, òdìkejì odò ni gbogbo ilé wà, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta wọn sì wà láàárín ilé. Àrùn kan wá jà. Ó pa wọ́n débi pé àwọn tó kù kó ohun tí wọ́n lè gbé, wọ́n sọdá, wọ́n kọ́lé tuntun sí ìhín odò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wà di òní. Òdìkejì wá di ahoro, kìkì ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì ló kù níbẹ̀.

"Wọn ò lè gbé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì lè gbé òkú," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Ni wọ́n bá fi òkúta ṣe afárá. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, wọ́n á sọdá. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n á gbé e sọdá. Ìdílé ọ̀gá mi ló ń tún afárá yẹn ṣe láti ìrandíran. Ó ní nígbà tí àwọn Hausa ń pe òun ní Mai Gada, bàbá òun ni wọ́n ń pè."

Ọ̀gá Ṣítù tẹ́tí sílẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ahoro, a mọ ìlú tó ṣí, a mọ ẹni tí oríkì rẹ̀ so mọ́ odò kan. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò sọ èwo nínú abúlé méjèèjì ni. Afárá olókùúta lè wà níbi gbogbo. Àrá ń sún mọ́ wa, mo sì mọ̀ pé bí ó bá dé orí ilé, ó di dandan kí n yọ okùn kíì kúrò, ọ̀nà Kaduna tó kù fún wa náà yóò sì di àwátì. Mo bi Bàbá Láwàní, pẹ̀lú ìkanra tí kò yẹ kí n fi bá àgbà sọ̀rọ̀, bóyá Mai Gada sọ ìdí tí abúlé náà fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ẹkún. Ó ní ohun tó máa ń bí ọ̀gá òun nínú jù nìyẹn. Ní Kérésìmesì kan, àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jẹun, ọ̀kan nínú wọn sì ti fi bébà aláràbarà di nǹkan kan, ó gbé e sínú àwo rẹ̀. Nígbà tó tú u, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá sí kíṣìnì, ó ní látìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òun. Gbogbo ayé rò pé abúlé alágbẹ̀dẹ ni abúlé òun, bẹ́ẹ̀ sì ni alágbẹ̀dẹ kankan kò gbé ibẹ̀ rí. Orúkọ bàbá àgbà kan tó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀ ni. Ó wá gbé nǹkan náà fún Bàbá Láwàní pé kó máa fi fọ́ egungun.

"Bàbá," ni Ọ̀gá Ṣítù wí jẹ́ẹ́, "kí ni wọ́n gbé sínú àwo rẹ̀?"

"Ámà ni. Ámà tí a fi ń kan ìṣó. Ó ṣì wà ní kíṣìnì."

Èmi àti Ọ̀gá wo ara wa. Hámà! Gbogbo káfíńtà ní Sabon Gari ló ń pè é ní ámà, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ bí mi ò bá rántí pé akọ̀wé ìjọba ni mí. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí òyìnbó tó máa gbé hámà sínú àwo ẹni tó ti Ammerley wá. Mo fi pẹ́ńsù kọ H kan gàdàgbà síwájú Ọ̀gá, ó sì mi orí.

Síbẹ̀ òfin wà níbẹ̀. Láoyè sọ A, A ni òfin mọ̀. Ìtàn kúkù kì í ṣe àṣẹ. Bí mo bá fi tín mẹ́rin yẹn kún wáyà Láoyè, èmi náà á lọ máa ta ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọ̀gá Ṣítù ló wá rí ọ̀nà. Ó ní kí a dá wáyà Láoyè dúró, kí a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àdírẹ́sì kò dájú, ìyẹn bófin mu. Kí Bàbá Láwàní wá fi wáyà tirẹ̀ ránṣẹ́, ní orúkọ ara rẹ̀, síbi tó bá wù ú. Ta ló máa ní kí kúkù má kí ilé ọ̀gá rẹ̀?

Mo fa fọ́ọ̀mù, mo ní kí ó sọ̀rọ̀, kí n máa túmọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ "Béékà" sí i kó tó dá mi dúró.

"Má kọ ọ́ sí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní àlùfáà kan ń gbé lẹ́bàá afárá, ìhín odò, òun ni aládùúgbò bàbá rẹ̀. Òun ni kí o kọ ọ́ sí. Sọ fún un pé ara ọmọ Béékà tó wà lọ́dọ̀ wa kò yá rárá. Kí ó jọ̀ọ́, kí ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀. Kí o fi Láwàní sí i."

Mo dúró dè é kó parí ọ̀rọ̀. Ó ti parí.

Mo ní bàbá, ẹni tó ti kú ni ẹ ní ara rẹ̀ kò yá yìí. Mo ní òyìnbó kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tí ẹ bá kọ náà ni wọ́n máa kà. Bí àlùfáà náà bá lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé àìsàn lásán ni, tí bàbá ń gbàdúrà, tí ó ń retí, tí wáyà kejì wá dé ní Mọ́ńdè ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pa á nìyẹn. Inú ń bí mi. Àrá ń sán, ẹnikẹ́ni kò sì yára.

Bàbá Láwàní kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí mo bi ọ́ léèrè nísinsìnyí, kí ni o sọ fún mi?"

Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

"Mo sì gbọ́. Àgbà ni àlùfáà. Bí wọ́n bá ní kí àgbà lọ jókòó ti ẹnìkan, yóò gbọ́."

Mo wo Ọ̀gá Ṣítù pé kó gbà mí. Ó ní oní-wáyà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí n tẹ ohun tó sọ.

Mo jókòó sídìí kíì. Mo pe Kaduna, Kaduna dáhùn, ṣùgbọ́n mànàmáná ti ń da ìró ọ̀nà rú, ó ń fi ìró tirẹ̀ kún tèmi. Mo tẹ Hammerley. Kaduna tún un kà padà fún mi: Ammerley ló kà. Tín mẹ́rin náà ti sọnù sínú ìjì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún kà á padà pé Sammerley, nítorí pé tín mẹ́ta ni S, ọ̀kan ti jábọ́ lọ́nà. Ọ̀gá Ṣítù dúró sẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn tó máa yọ bí àrá bá dé orí ilé, bẹ́ẹ̀ ni òfin sì sọ. Mo rántí ìyá mi tí kò pe H rí. Mo rọra tẹ lẹ́tà náà lọ́tọ̀, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé aláìsàn, mo dúró, mo tún un tẹ̀ lọ́tọ̀, mo wá tẹ ìyókù. Kaduna kà á padà. Hammerley. Mo tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán, Kaduna ní òun ti gbà á, Ọ̀gá fa okùn yọ, àrá sì bú lórí páànù bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wá. Èkó ni Kaduna máa tì í sí, Èkó á sì gbé e gba abẹ́ òkun. Kò sí ohun tí ọwọ́ wa tún lè ṣe.

Ọbẹ̀ ti tutù nígbà tí mo délé. Ìyàwó mi wo ojú mi, ó gbé e padà sórí iná. Mi ò sùn dáadáa. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni òyìnbó kan tó wọ aṣọ dúdú, tó ń sọ fún bàbá arúgbó kan pé kó má fòyà, pé ara ọmọ rẹ̀ yóò yá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a kì í ṣí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, Ọ̀gá Ṣítù sì jókòó nídìí kíì, kò ṣe bí ẹni tó ń retí nǹkan kan. Mo bá a jókòó. Mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. A ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin tó gbé òkú náà dé kí Kaduna tó pè wá. Wáyà fún Láwàní, Minna. Mo ń kọ ọ́ bó ti ń bọ̀, Ọ̀gá sì ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí èjìká mi.

Ó ní: Ó yé mi. Mo ti wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti àná, kò dá wà. A ń sọdá odò lọ lu agogo fún un. Ẹ bá wa fọwọ́ kan pósí rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣítù bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e wọ̀ padà.

Ìtẹ́ òkú àwọn òyìnbó ni a ti bá Bàbá Láwàní. Wọ́n ti sọ pósí náà kalẹ̀ lẹ́bàá ihò, òyìnbó kejì ń ka ìwé àdúrà, àwọn òṣìṣẹ́ afárá dúró lẹ́yìn, wọ́n ká fìlà sọ́wọ́. Mo túmọ̀ wáyà náà sí Bàbá Láwàní létí. Ó rìn gba àárín àwọn òyìnbó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé pósí náà, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí òyìnbó tó ń kàwé fi dákẹ́ tó ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò lé e kúrò. Èmi ò lè wò ó mọ́, mo yíjú sí ojú irin.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n tún òpó ṣe. Mo pe Láoyè, mo ní kó béèrè lọ́wọ́ òyìnbó kejì bí wọ́n ṣe ń sípẹ́ẹ̀lì abúlé Mai Gada. Ó béèrè, ó padà wá sí tẹlifóònù pẹ̀lú ìbínú rẹ̀. Ó ní H ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní ṣebí ohun tí òun sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé náà nìyẹn: Ámálì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n tún sọ?

Mo ṣe iṣẹ́ náà títí wọ́n fi fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì, mo sì tẹ wáyà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán: ti ìyàwó, ti ọmọ tuntun, ti ọjà, ti ìjà ìdílé. Èyí tí mo ń rántí jù ni èyí tí a dá dúró lórí tábìlì Ọ̀gá Ṣítù ní Sátidé náà. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá Béékà kankan wà ní Ammerley. Bí ó bá wà, tó sì ní ọmọ lọ́nà jíjìn, ó jẹun alẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó pa iná rẹ̀, ó lọ sùn. Ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn rẹ̀.